Ẹ̀bẹ̀ Lórí Kíka Ẹ̀jẹ̀ ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà

Ẹ̀yin Gómìnà wa ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera,

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí aláìsàn tó bá dé ọsibítù jẹ́nẹ́rà èyíkéyìí lè rí ẹni ka iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kí èsì rẹ̀ sì jáde lọ́jọ́ náà.

Sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń bá kòkòrò àìsàn jà nínú ara. Nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, 4,000 sí 11,000 ni a sábà máa ń rí. Bí àìsàn bá wọlé, bí iná bá jó ènìyàn, bí obìnrin bá wà nínú oyún, tàbí bí ènìyàn bá ń lo oògùn prednisolone, iye yìí lè lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé bí ohun tó fà á bá ti kúrò, á wálẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni ti irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń yọ́ wọlé. Á máa rẹ ènìyàn, á máa rù, òógùn á máa bò ó lóru, apá òsì ikùn á máa wú. Wọn á ní ibà ni, wọn á tún ní táífọ́ọ̀dù ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ka ẹ̀jẹ̀ náà, iye sẹ́ẹ̀lì funfun ti lè kọjá 100,000. Bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí ní oògùn! Láti 2003 ni ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn tó ní in ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ètò ìrànwọ́ kan láti òkè òkun. Oògùn tí ènìyàn ń gbé mì nílé ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò júwe Ifẹ̀ fún ẹni tí a kò ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, kó má mọ sórí ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ nìkan. Lára ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn á sì kà wọ́n mọ́ funfun. Onímọ̀ tó bá fi màíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò mọ̀. Mo sì mọ ibi tí wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ tó dá ṣáṣá, nítorí pé kẹ́míkà rẹ̀ tán.

Ẹ bá wa fi owó kẹ́míkà àti ti iná sínú ìṣúná. Ẹ gba onímọ̀ àyẹ̀wò kún wa. Kí ẹ sì pàṣẹ pé bí iye sẹ́ẹ̀lì funfun bá ga ju bó ṣe yẹ lọ láìnídìí, kí wọ́n kọ̀wé lé aláìsàn náà lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ńlá, kó má ṣe tún padà sílé pẹ̀lú oògùn ibà.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀