Ìrù Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Kì í Ṣe Ohun Àkọ́sórí

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣí ìwé nóòtù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kan ojú-ìwé kan tí a to ọ̀rọ̀ sí láti òkè dé ilẹ̀: “look after”, tọ́jú, “look for”, wá, “look into”, wádìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí ojú-ìwé yóò fi kún. Ní ọjọ́ kejì olùkọ́ yóò bi wọ́n léèrè, ẹni tí ó bá gbàgbé yóò dìde dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a ó tún to òmíràn. Iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, mo sì ti rí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ débi pé ó ti sú mi. Àwọn alábẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ mi kan a tilẹ̀ máa yin olùkọ́ tí tirẹ̀ bá gùn jù. Èmi kò ní yìn ín. Ìyà tí kò ní èrè ni a fi ń jẹ àwọn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì kò lè fojú kan ẹnu-ọ̀nà yunifásítì ní ilẹ̀ yìí.

Ohun tí mo ń sọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré bí “put”, “take”, “look” tàbí “run”, tí a so “up”, “off”, “on” tàbí “away” mọ́ nídìí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti ọdún 1755, ti sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé ibí yìí gan-an ni ìṣòro àlejò tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ jù. Orúkọ náà, “phrasal verb”, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Inú ìwé Logan Pearsall Smith tí ó jáde ní ọdún 1925 ni ó ti di mímọ̀. Ní tèmi, n ó pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe onírù.

Ẹ wo “put on”. Olùkọ́ a kọ “wọ” síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í wọ fìlà, dídé ni a ń dé e. A kì í wọ gèlè, wíwé ni. Ìró ni a ń ró, iná ni a ń tàn. “Put on” kan ṣoṣo ni Òyìnbó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a bá sì fẹ́ mú wọn kúrò lára, àwa a bọ́ aṣọ, a ṣí fìlà, a tú gèlè. Òyìnbó a ní “take off” fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdè tiwa a máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe bí ohun tí a ń ṣe bá ti yàtọ̀; tiwọn a máa lo ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀, a sì fi ìrù ṣe iṣẹ́ tí ó kù. Ọmọ tí ó bá lóye èyí ti mọ ohun kan nípa èdè méjèèjì. Ọmọ tí ó kàn kọ́ “take off, bọ́” sórí, ní ọjọ́ tí ó bá kà á pé ọkọ̀ òfurufú “took off”, yóò máa wá aṣọ tí ọkọ̀ náà bọ́.

Ibi tí ó dùn mí jù ni ti ipò ìrù náà nínú gbólóhùn. Ọmọ a kọ “put away it”, olùkọ́ a fa ìlà pupa sí i, kò sì ní sọ ìdí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó lè wà lẹ́yìn ìrù tàbí kí ó wà ṣáájú rẹ̀: “put away the money”, “put the money away”. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ bí “it”, àfi àárín: “put it away”. Ǹjẹ́ òfin yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá? Báwo ni ó ṣe ń sọ ọ́ nílé? “Pa owó mọ́”. “Pa á mọ́”. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ “pamọ́ owó” lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni àwọn onígírámà wa ń pe irú èyí, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ wa bí eṣú: ó tàn mí jẹ, ó ba aṣọ mi jẹ́, mo gbà á gbọ́. Tiwa tilẹ̀ le ju ti Òyìnbó lọ, nítorí a kì í gba ọ̀rọ̀-orúkọ pàápàá láyè láti bọ́ sẹ́yìn. Ìtumọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní a kò lè rí ìtumọ̀ “put up with” lára “put” àti “up” àti “with”. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó rò pé ẹni tí ó pa owó mọ́ pa á bí ẹni pa ewúrẹ́, tàbí pé ẹni tí ó tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ti fi ọ̀rẹ́ náà jẹun?

Ìrù pẹ̀lú ní ìtumọ̀ tirẹ̀, bí a bá fara balẹ̀ wò ó. “Up” nínú “eat it up”, “drink it up” àti “use it up” kò sọ̀rọ̀ òkè rárá. “Tán” ni: jẹ ẹ́ tán, mu ún tán, lò ó tán. “Throw it away” ni sọ ọ́ nù. “Pour it away”, dà á nù. “Send it back”, rán an padà. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni yóò bára mu bẹ́ẹ̀. “Give up” kò ní ẹnì kejì lọ́dọ̀ wa, ọmọ yóò sì mọ̀ ọ́n bí ó ṣe wà. Ṣùgbọ́n irú wọn tí a ó kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dín kù púpọ̀.

Ohun kan wà tí Yorùbá kò lè bá wa kọ́ wọn, òun sì ni ìyàtọ̀ láàrin ìrù àti ọ̀rọ̀-atọ́kùn. “She ran up the hill”. “She ran up a bill”. Ẹni àkọ́kọ́ sáré gun òkè, èkejì jẹ gbèsè. Ẹ fi “quickly” sí àárín: “she ran quickly up the hill” dára, nítorí ti òkè náà ni “up” ń ṣe. “She ran quickly up a bill” kò dára, nítorí ìrù kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé já òun kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ẹ wá gbé àbọ̀ náà síwájú: “she ran a bill up” ṣeé sọ, “she ran the hill up” kò ṣeé sọ. Bákan náà ni a ń ní “look it up”, ṣùgbọ́n “look after it”. Ìrù àti atọ́kùn sì lè jọ wà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú “look forward to”. Nítorí pé atọ́kùn ni “to” yẹn, “seeing” ni ó ń tẹ̀ lé e, kì í ṣe “see”. Lẹ́tà olùkọ́ mélòó ni ó ń dé ọ́fíìsì wa tí kò parí sí “looking forward to hear from you”?

Nítorí náà ni inú mi kì í fi í dùn bí a bá ń fi ọmọ ṣẹ̀sín nítorí “off the light”. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò, ẹ má fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni “pa” nínú “pa iná”. Ọmọ náà wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì rí “off” lára ibi tí a ti ń tẹ iná. Òyìnbó pàápàá a máa sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ “down tools”, kò sì sí ẹni tí ó na ìka sí wọn. Ẹni tí ó kọ “cope up with” náà ronú: ó ti kọ́ “keep up with” àti “catch up with” sórí, ó sì rò pé ẹbí kan náà ni. Àkọ́sórí ni ó bí àṣìṣe yìí.

Mo mọ èsì tí yóò wá. Wọn yóò ní a kò gbọdọ̀ gbọ́ Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n rántí iṣẹ́ tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀: Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹlòmíràn yóò ní Kàdúná tàbí Ẹnúgu ni kíláàsì tòun wà. Ó dára. Ọmọ Haúsá ń sọ “fita” fún jíjáde lọ, “fito” fún jíjáde wá; ọmọ Ìgbò ń sọ “wepụ” fún mímú kúrò, “weta” fún mímú wá. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe irú iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìrù ṣe. Kò di dandan kí olùkọ́ gbọ́ èdè wọn. Kí ó kọ “take it away” sí ojú pátákó, kí ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, kí ó sì bi í pé níbo ni “away” wà nínú ohun tí ó sọ. Kí ìwé àkọ́sórí wà ní pípadé títí wọn yóò fi dáhùn.