Ìgbéga Kọ́: Èrò Kan Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Pípa Ẹ̀dà Linux Dà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan bá ti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó máa ń bá a wá. Àṣìlò tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ní in ń lò ó a máa bá a rìn pẹ̀lú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "upgrade". "Ìgbéga" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu atúmọ̀ tí ó bá pàdé rẹ̀, ó sì dùn létí: ọ̀gá a máa gbé òṣìṣẹ́ ga, ìjọba a máa gbé ilé-ẹ̀kọ́ ga. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà onílinux ní alẹ́ ọjọ́ tí ó fẹ́ pa ẹ̀dà rẹ̀ dà, tí ojú ẹ̀rọ náà sì ṣú dùdù lẹ́yìn wákàtí méjì, yóò bèèrè pé ta gan-an ni a gbé ga.

Linux ni orúkọ kókó ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ni ó ń kó kókó yìí pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n ń dì wọ́n ní ìdì-ìdì, tí wọ́n sì ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ubuntu, tí a kọ́ lé orí Debian tí ó sì kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, jẹ́ òmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ara wọn ṣì le ni kò sì lè gba Windows 11. Linux ni ibi tí olùkọ́ tí kò lówó ẹ̀rọ tuntun lè sá sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Lábẹ́ Debian àti Ubuntu, iṣẹ́ mẹ́ta tí kò jọra ni ó ń pín orúkọ méjì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ "apt update". Àṣẹ yìí kò pa iṣẹ́ kankan tí ó wà lórí ẹ̀rọ dà. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé kí ẹ̀rọ lọ wo àtẹ, kí ó sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ìdì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílẹ̀. Èkejì ni "apt upgrade", tí ó ń fi ìdì tuntun rọ́pò ògbólógbòó láìkúrò lórí ẹ̀dà tí ẹ̀rọ wà. Ẹ̀kẹta ni kíkúrò lórí ẹ̀dà kan bọ́ sórí òmíràn, bí àpẹẹrẹ láti Ubuntu 22.04 sí 24.04, tí kókó, ojú ẹ̀rọ, ohùn, ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ń yí padà ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. "Upgrade" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá sì kọjá sí Fedora, yóò rí i pé "update" àti "upgrade" ti di ohun kan náà níbẹ̀. Bí àwọn onílé pàápàá kò bá fẹnu kò lórí orúkọ, kí ló dé tí àlejò yóò fi máa tọ ipasẹ̀ wọn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan?

Ewu inú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta náà kò dọ́gba. Àkọ́kọ́ kò léwu rárá. Èkejì kò ní ju díẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ènìyàn kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé láìní ẹ̀dà ìpamọ́ gbogbo ìwé rẹ̀ níbòmíràn. Olùkọ́ tí a bá sọ fún pé kí ó "gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ga", tí ó ti ṣe èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, yóò wọ inú ẹ̀kẹta pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ kan náà.

Ìtàn Linux fúnra rẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ kẹta yìí kì í ṣe ìgbéga. Ní ọdún 2011, àwọn tí ó pa ẹ̀dà Ubuntu wọn dà bá ojú tuntun tí ń jẹ́ Unity pàdé. Ibi tí wọ́n ti ń mú iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ojú ti mọ́ ọn, àwọn tí ó ṣe é pa á tì, wọ́n sì padà sí GNOME. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017 yẹn kan náà, wọ́n ní láti ká ẹ̀dà 17.10 kúrò lórí àtẹ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ó ń ba BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tí ń jí ẹ̀rọ, jẹ́ lára àwọn kọ̀ǹpútà kan. Ẹ̀dà 24.04 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, a ní kí àwọn tí ó wà lórí 22.04 dúró di oṣù kẹjọ, àléébù tí a rí lójú ọ̀nà ìkọjá náà sì tún sún ọjọ́ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Debian 13, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kò ní kókó fún àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ oníbíìtì 32 mọ́. Ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò níbi tí a ó gbé e ga dé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ó wà lórí Ubuntu 18.04 kò lè fò lọ sí 24.04 lẹ́ẹ̀kan: yóò kọ́kọ́ dé 20.04, yóò dé 22.04, kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Bí ó bá sì débẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sí ọ̀nà àbáwọlé padà. A lè já òṣìṣẹ́ tí a gbé ga wálẹ̀. Ẹ̀dà Debian kò ṣe é já wálẹ̀, àfi kí a pa ohun gbogbo rẹ́ kí a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àwọn tí ń fi Yorùbá kọ̀wé ní tààrà. Linux ní ètò kíbọ́ọ̀dù fún Nàìjíríà, tí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ní àyè nínú rẹ̀. Ẹni tí ètò náà kò bá tẹ́ lọ́rùn, tí ó ṣí fáìlì rẹ̀ tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ipò àmì ohùn tàbí ti ẹ, ọ àti ṣ tò, yóò pàdánù gbogbo rẹ̀ nígbà tí ìdì tuntun bá dé, nítorí pé ìdì náà kò mọ̀ pé ẹnìkan fọwọ́ kan fáìlì yẹn. Yóò kàn fi tirẹ̀ bò ó. Àwọn mìíràn gbára lé irinṣẹ́ tí ń jẹ́ xmodmap. Láti ẹ̀dà 21.04 ní ọdún 2021 ni Ubuntu ti fi Wayland ṣe ọ̀nà ìyàwòrán rẹ̀ láìjẹ́ pé a yàn án, xmodmap kò sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tí ó sùn ní alẹ́ pẹ̀lú Yorùbá alámì lè jí ní òwúrọ̀ kí ó bá Yorùbá tí kò lámì. Kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń tú ìdì lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ yóò jẹ́ tuntun, ìdajì yóò jẹ́ àtijọ́. Àṣẹ "dpkg --configure -a" lè bá ènìyàn parí ohun tí ó ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nìkan ni.

Ohun tí ó yẹ ni kí a fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Kí àkọ́kọ́ máa jẹ́ "àwòtúnwò àtẹ", kí èkejì máa jẹ́ "ìpààrọ̀ ìdì". Ẹ̀kẹta ni "ìkẹ́rùlọ". Ẹni tí ó bá ń kẹ́rù lọ sí ilé tuntun mọ̀ pé àwo lè fọ́ lójú ọ̀nà, pé àga kan lè má gba ẹnu ọ̀nà wọlé, pé òun yóò wá síbí fún ọjọ́ mélòó kan kí òun tó rí i. Ó tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé tuntun ni ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà mìíràn, onílé ni ó lé ni. Èyí sì bá ti Ubuntu mu gan-an, nítorí pé ọdún márùn-ún ni ìtọ́jú ẹ̀dà alákòókò-gígùn, lẹ́yìn èyí tí àtúnṣe ààbò tí ó wà fún gbogbo ènìyàn dúró. Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ náà jọ ti ìyàwó tí ó kẹ́rù jáde nílé ọkọ. Ìjọra náà kò burú tó bẹ́ẹ̀: òun náà kò lọ láìronú.

Àríwísí tí ó lágbára jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá lójú ẹ̀rọ, àti pé bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kò bá dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, yóò ṣìnà. Ó yẹ kí a gba èyí rò. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ "ìpààrọ̀ ìdì" àti "ìkẹ́rùlọ" yóò bi ara rẹ̀ léèrè, nígbà tí ó bá rí "upgrade", pé èwo nínú méjèèjì ni ẹ̀rọ ń sọ. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ewu. Irú ìyàtọ̀ kan náà ni ó wà láàárín àwọn tí ń pe "driver" ní awakọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ọkọ̀ kiri, àti àwọn tí ó lè pè é ní ògbufọ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa túmọ̀ láàárín kókó àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Nígbà tí kókó tuntun bá dé tí ògbufọ̀ àtijọ́ kò gbọ́ èdè rẹ̀, ojú ẹ̀rọ a ṣú.

Ibi tí àwọn atúmọ̀ yóò ti kọ́kọ́ nílò ọgbọ́n ni ìbéèrè tí dpkg máa ń dá iṣẹ́ dúró láti bèèrè, nígbà tí ó bá rí i pé onílé ti tún fáìlì ìṣètò kan ṣe. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lo "version" fún fáìlì onílé àti fún ti olùtọ́jú ìdì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lò fún odidi ẹ̀dà ètò ìṣàkóso. Bí a bá kọ "ẹ̀dà" síbẹ̀, ẹni tí ó wà láàárín ìkẹ́rùlọ yóò rò pé a ń bi òun bóyá òun fẹ́ padà sílé àtijọ́. Ó sàn kí ó kà báyìí: "Ẹ ti tún fáìlì yìí ṣe láti ìgbà tí a ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Olùtọ́jú ìdì ti fi òmíràn ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá dáhùn tí ẹ tẹ Enter, tiyín ni yóò dúró. Ẹ tẹ Y kí tirẹ̀ rọ́pò tiyín. Ẹ tẹ D kí ẹ rí ìyàtọ̀ wọn." "Ẹ" ni ó yẹ kí a lò, kì í ṣe "o", nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀.