Ojú Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó Nìkan

Àwọn kan ń wí pé kí a má ṣe kọ́ ọmọ dúdú láti fi ọ̀dà olóròóró ya ènìyàn nínú yàrá bí ojú ti rí i gan-an. Wọ́n ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Àwa kò gbà.

Nígbà èwe Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, ohun tí òyìnbó púpọ̀ ń wí ni pé ọmọ dúdú kò lè ṣe é. Ó fi ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ó lọ sí London ní 1920, ó padà ní 1922, ó sì ń kọ́ni ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. Òun ni ó bẹ ìjọba fún olùkọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni K. C. Murray dé ní 1927. Ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé ọnà ilẹ̀ wa, kí wọ́n fi ti òyìnbó sílẹ̀. “Ẹ kò lè ṣe é,” “kò yẹ yín”: ilẹ̀kùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì tì.

Ọnà ilẹ̀ wa wo? Àwọn orí idẹ tí a hú ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, ó ti ju 500 ọdún lọ tí a ti dà wọ́n, wọ́n sì jọ alààyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Pleasure, ẹ mú ọmọ kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé, àti bí ògiri ti ń kéré bí ó ti ń jìnnà. Kí ó fi ọ̀dà fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ kẹ́yìn, kí àwòrán má baà sán. Ọ̀nà tí a kò fi han ọmọ, a kò lè wí pé ó kọ̀ ọ́.