Irọ́ Ni Pé Ìsàlẹ̀ Ọ̀sà Ṣófo

Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà bá ti délẹ̀, èsì kan náà là ń gbọ́: kí ló wà nísàlẹ̀ omi bí kò ṣe ẹrẹ̀? Irọ́ ni, ọ̀mọ̀wé sì ti gbà á gbọ́ rí. Ní 1843, Edward Forbes, onímọ̀ tó lórúkọ ní Bìrìtéènì, sọ pé ibi tí òkun bá ti jìn ju nǹkan bí 550 mítà lọ, ohun ẹlẹ́mìí kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ òkun ìwádìí tí ń jẹ́ Challenger ló wá fọ́ ọ̀rọ̀ náà yángá láàárín 1872 sí 1876, nígbà tó ń kó ẹ̀dá alààyè jáde láti ibú tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ wo ekòló onípẹ́ tí wọ́n fún ní orúkọ Peinaleopolynoe orphanae ní 2020. Ẹ̀bá òkun Mẹ́síkò ni wọ́n ti rí i, ní nǹkan bí 3,700 mítà sísàlẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé. Ìpẹ́ rẹ̀ gorí ara wọn lẹ́yìn rẹ̀ bíi páànù òrùlé, wọ́n ń dán yinrinyinrin, irun líle sì yọ lára àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ekòló yìí a máa jà, wọ́n a sì máa gé ìpẹ́ ara wọn jẹ. Ibi tí a ti rí ìjà kò ṣófo.

Ẹlòmíràn á ní òkun Mẹ́síkò kọ́ ni ọ̀sà wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tiwa ló tún rọrùn láti gbé jù: ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó kò jìn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ní 1966, àwọn onímọ̀ Sandison àti Hill tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ẹ̀dá èbúté Èkó àti àwọn odò tó yí i ká. Ekòló tó ń kọ́ ihò líle funfun tó ń gbé inú rẹ̀ wà lára wọn, àwọn onímọ̀ náà sì fi hàn pé iyọ̀ inú omi ló ń pinnu ibi tí oníkálukú lè gbé. Kí a tilẹ̀ fi ìwé sílẹ̀, ẹ yẹ ọ̀bọ̀kún wò ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́: abẹ́ orí ni ẹnu rẹ̀ wà, irùngbọ̀n rẹ̀ ló sì fi ń tọ ẹrẹ̀ kiri. Ìgbín omi, ekòló àti ọmọ kòkòrò ló ń wá. Ẹrẹ̀ tó ṣófo kò lè bọ́ ẹja.

Wọ́n á tún ní, ṣé kí a má kọ́lé mọ́ ni? Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn kì í ṣa yanrìn nìkan. Ojú ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀dá yìí ń gbé ló kọ́kọ́ ń kó lọ, ẹrẹ̀ tó bá sì rú sókè á wá bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni láti wa yanrìn, kí wọ́n bu ẹrẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú àwọn apẹja.