Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ẹ Tètè Sọ̀rọ̀

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n má bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mu. Ohun tí àwa ará Prince George's County kọ̀ ni kí ọ̀gá dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kó tó sọ pé òun kò fẹ́ mọ́.

Ní Yunifásítì Maryland, ní College Park, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ló ń mú owó oṣù wá fún ọ̀pọ̀ wọn, òun náà ló ń gbé owó ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà F-1 wọ Amẹ́ríkà kò lè wá iṣẹ́ ìta bó ṣe wù ú. Nínú ọgbà pàápàá, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fún un nígbà ẹ̀kọ́. Bí ọ̀gá bá lé e, oúnjẹ àti ìwé ìgbélùú lè bá a lọ.

Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ta ló yàn án? Alágbẹ̀dẹ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ iná fín kì í dúró dọdún kẹta kó tó sọ ọ́. Ẹ sọ òótọ́ lọ́dún kìíní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì bá a wá ọ̀gá mìíràn. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra.