Fíúsì Kò Lè Gba Ẹni Tó Ń Wẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ amómigbóná sí balùwẹ̀ ní Ìkirè tàbí Àpòmù, kó má gbẹ́kẹ̀ lé fíúsì nìkan. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò: ti áńpíà 13 kò ní já bí ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpíà bá gba ara èèyàn kọjá, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ti tó láti pa á. Èyí tó ń dáàbò bo èèyàn ni RCD, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná tó wọlé wé èyí tó padà; bí ìyàtọ̀ bá ti tó mílíáńpíà 30, á já a kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Àwọn kan á ní iná ọba kì í kúkú dúró. Ìṣẹ́jú kan péré tó bá dé ti tó ṣe jàǹbá. Wáyà earth ńkọ́? Ó pọn dandan, ṣùgbọ́n ó lè já lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó dáńtọ́ kó bá yín fi RCD sí i, kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì T ara RCD lóṣooṣù. Bí kò bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.