Ooru, ẹ̀fọn àti ibà wa

Ara ẹ̀dá ló ń sọ ibi tí ó lè gbé. Àwọn onímọ̀ a wọn ooru tí ara ẹ̀fọn lè gbà, bí ó ṣe ń yé ẹyin àti iye ọjọ́ tí ó ń lò láyé, kí wọ́n tó fi ìṣirò wá ilẹ̀ tí yóò bá a lára mu.

Lọ́dún 2013, Erin Mordecai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìṣirò yìí fún ibà. Ti àtijọ́ sọ pé 31°C ni ibà ń ràn jù; tiwọn sọ pé 25°C ni, àti pé bí ooru bá ti kọjá 28°C, ríràn rẹ̀ a máa já wálẹ̀. Ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Ṣábẹ kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì.

Ẹ má tíì yọ̀. Nǹkan bí 29°C ni dengue ń ràn jù láti ara Aedes aegypti, ẹ̀fọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà funfun. Ọ̀sán ló ń jẹni, nígbà tí a kò sí lábẹ́ àwọ̀n. Inú ìkòkò omi àti táyà àlòkù ló ń yé sí. Lọ́dún 2019, a rí àrùn náà ní ilẹ̀ wa níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n gbogbo ara gbígbóná ni à ń pè ní ibà. Oògùn ibà kò ran dengue. Aspirin sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí ó ní in. Nítorí náà, kí ìjọba fi ohun èlò àyẹ̀wò dengue sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, láti Kétu dé Ṣábẹ, kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.